Ògèdèngbé Agbógungbórò: Ẹ̀san Tó Gba Ẹ̀yìnkùlé Wọlé

Nínú eré oníṣe, ẹ̀san kì í pẹ́ dé. Kí aṣọ ìtàgé tó wálẹ̀, ìkà ti ṣubú, àwọn òǹwòran ti pàtẹ́wọ́, oníkálukú sì ti gba ilé rẹ̀ lọ. Báyìí ni ó rí nínú Baṣọ̀run Gáà tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, báyìí náà sì ni nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Ti orí tẹlifíṣọ̀n tilẹ̀ tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí láàárín wákàtí kan ni wọ́n ń gbin ìwà ìkà tí wọ́n sì ń kórè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀san tí a bá nínú ìtàn àwọn ẹni àná a máa yà síhìn-ín, a máa yà sọ́hùn-ún, a sì máa bá akọni àti apanilára nínú ara ẹnì kan ṣoṣo. Irú rẹ̀ ni ti Ògèdèngbé Agbógungbórò, ẹni tó yẹ kí àwọn ọmọ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà mọ ìtàn rẹ̀ dunjú bí ọmọ Iléṣà ti mọ̀ ọ́n.

Àtórìn, lẹ́bàá Iléṣà, ni a bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1822. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ogun kó o, ó sì di ìgbèkùn ní Ìbàdàn. Níbẹ̀ gan-an ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ogun lọ́wọ́ àwọn tó mú un. Ìbàdàn kò mọ̀ pé ọ̀tá ara òun ni òun ń tọ́ dàgbà. Nígbà tí ó padà sílé, Ìbàdàn náà ni ó kọjú ìjà sí. Ní 1870, Ìbàdàn ṣẹ́gun Iléṣà. Ògèdèngbé sá àsálà, ó sì lọ tẹ̀dó sí Ìta-Ògbólú, lágbègbè Àkúrẹ́.

Ibi tí ìtàn rẹ̀ ti kan Àkókó nìyí, kò sì dùn ún gbọ́. Ilẹ̀ Àkókó kò ní ìsinmi nígbà náà. Àwọn Tápà ń fi ẹṣin ya lu wọn láti ìhà àríwá, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ìbàdàn ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ìlú náà kéré, èdè wọn yàtọ̀ síra, wọn kò sì ní ọba kan ṣoṣo tí ó lè pè wọ́n jọ. Òkè àti àpáta ni odi wọn. Orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Ògèdèngbé àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tún ti Ìta-Ògbólú wá kó lẹ́rù. Ẹni tí wọ́n kó nígbèkùn nígbà èwe rẹ̀ ni ó wá ń kó ọmọ ọlọ́mọ.

Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì parapọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ògèdèngbé. Kò tètè dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé, òun ni ó di ọ̀gá gbogbo ogun náà. Àwọn ará Àkókó sì wà nínú ogun ọ̀hún! Àwọn tó ti ń sá fún un wá tò sẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé. Àgbà tí ilé rẹ̀ ń jó kì í kọ́kọ́ bi apaná léèrè ìwà tí ó hù lánàá.

Dídún ìbọn ńlá ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Níbẹ̀ ni Ààrẹ Látóòsà, tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ikú Ẹfúnṣetán ní 1874, ti kú sí ibùdó ní 1885, láìfi ìṣẹ́gun kankan padà sílé. Ẹni tó bá rò pé ìtàn Ẹfúnṣetán parí lọ́jọ́ ikú rẹ̀, apá kan ni ó kà. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí ibùdó tó tú.

Ìlù ni ìbá yẹ kí wọ́n lù fún Ògèdèngbé lẹ́yìn èyí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ogun lọ, wọn kò sì jẹ́ kí ìlú simi. Ní 1894, Ọ̀gágun Bower, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó, mú un, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Ìwó, ìlú tó wà lábẹ́ Ìbàdàn. Ọkùnrin tó lé ajẹ́lẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ni ajẹ́lẹ̀ tuntun fi ọwọ́ òfin mú, tìtorí ìwà kan náà tí Àkókó ti jìyà rẹ̀ láìrí ẹni gbèjà wọn. Ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, ó sì tún di ìgbèkùn.

Wọ́n dá a sílẹ̀ nígbà tó yá. Ó padà sí Iléṣà, ó jẹ oyè Ọbańlá, ó sì kú ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, 1910, kì í ṣe lójú ogun. Agbára Tápà ti ṣẹ́ ní Bídà láti oṣù Kìíní 1897. Nígbà tí wọ́n fi ń sin ín, àwọn ará Àkókó ti ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń kọ́lé sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí àwọn baba wọn kò jẹ́ sùn sí.