Sonny Okosun, ọmọ Esan tó fi rẹ́gẹ̀ jà fún Soweto

Ẹni tó bá ti ní rédíò nílé ní nǹkan bí ọdún 1977 kò lè ní òun kò mọ ohùn Sonny Okosun. Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1947 ni wọ́n bí i. Ọmọ Esan ni, ní ìpínlẹ̀ Edo òde òní, àmọ́ ìlú Enugu ló ti dàgbà, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ kí ogun abẹ́lé tó tú wọn ká.

Lẹ́yìn èyí ló di onígìtá lẹ́yìn Victor Uwaifo, tí wọ́n jọ rìnrìn àjò dé Japan. Ọdún 1972 ló dá dúró, kò sì pẹ́ tó fi sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ozziddi, orúkọ akọni kan nínú ìtàn àwọn Ijaw. Rẹ́gẹ̀ àwọn ará Jàmáíkà ló mú, tó pò ó mọ́ háíláìfù àti ìlù ilé rẹ̀.

Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹfà, ọdún 1976, àwọn ọlọ́pàá South Africa yìnbọn fún àwọn ọmọ iléèwé tó ń wọ́de ní Soweto, nítorí pé wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí wọ́n máa fi èdè Afrikaans kọ́ àwọn. Ọ̀rọ̀ yìí ni Okosun fi ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù Fire in Soweto, tó jáde ní 1977, tó sì tàn ká Áfíríkà. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn sójà dáná sun ilé Fela l'Ékòó. Ti Okosun yàtọ̀: ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ń bá South Africa jà nígbà náà, orin rẹ̀ kò ta wọ́n létí.

Ìgbà tó di 1984, lẹ́yìn tí Ọ̀gágun Muhammadu Buhari gbàjọba, ló wá kọjú ìbéèrè sílé pẹ̀lú Which Way Nigeria. Kò sì gbàgbé South Africa. Ní 1985, ó wà lára àwọn tó kọrin sínú àwo Sun City tí àwọn olórin Amẹ́ríkà ṣe.

Nígbà tó yá, ọjà rẹ̀ kú. Majek Fashek àti Ras Kimono ti gba rẹ́gẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ sì rò pé ó ti tán. Àfi bó ṣe di ajíhìnrere, tó gbé Songs of Praise jáde ní 1994, tí àwo ọ̀hún sì tà bí àkàrà gbígbóná. Ó dá ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ l'Ékòó.

Àrùn jẹjẹrẹ inú ìfun ló pa á ní Washington, l'Ámẹ́ríkà, ní ọjọ́ 24, oṣù karùn-ún, ọdún 2008. Ẹni ọdún 61 ni.