Ẹ Fún Un Láyè Díẹ̀ Sí I

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lónìí kì í ṣe wòlíì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe míṣọ́nnárì. Bọ́ọ̀lù ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá o. Èyí tí a ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n tí a so sókè ni, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Dean Smith ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2015, Ààrẹ Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kẹ́dùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkìkí rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ wò. Ọdún márùn-ún tó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò, nígbà tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé òkìkí kankan ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1931 ni a bí i ní ìlú Emporia, ní ìpínlẹ̀ Kansas. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ ni ìyá rẹ̀, Onítẹ̀bọmi sì ni àwọn méjèèjì. Alfred, bàbá rẹ̀, ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú náà ní bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1934, nígbà tí ọ̀pọ̀ òyìnbó kò fẹ́ rí ọmọ aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn ọmọ tiwọn lórí pápá, bàbá yìí mú ọmọ dúdú kan sínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan bínú sí i, kò sì yí ọkàn padà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ ó tún bá a pàdé níwájú.

Dean lọ sí Yunifásítì Kansas. Ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ ni Phog Allen, ẹni tí òun náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ James Naismith tó dá eré náà sílẹ̀ ní ọdún 1891. Ẹgbẹ́ wọn gba ife ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà ní ọdún 1952, ṣùgbọ́n Dean kì í ṣe ìràwọ̀. Orí bẹ́ǹṣì ni ó sábà máa ń jókòó sí, tí ó ń wo bí ọ̀gá ṣe ń ṣe é. Ó ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú, lẹ́yìn náà, ní ọdún 1958, ó lọ sí Yunifásítì North Carolina ní ìlú Chapel Hill láti ṣe igbákejì fún akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Frank McGuire.

McGuire yìí kì í ṣe èèyàn kékeré. Ní ọdún 1957, ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdíje 32, wọ́n sì borí nínú gbogbo 32. Ẹ wo irú bàtà tí ẹni tó bá tẹ̀lé e máa wọ̀! Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí wà lábẹ́ ẹní. Ní oṣù kìíní ọdún 1961, àjọ NCAA, tí ń ṣe àkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì, fi ìyà jẹ North Carolina nítorí owó tí wọ́n ná lọ́nà àìtọ́ láti fa àwọn ọmọ wá. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àṣírí tún tú pé àwọn atatẹ́tẹ́ ti ń fún àwọn ọmọ yunifásítì kan ní owó kí wọ́n lè yí ayò bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n sì dárúkọ North Carolina mọ́ ọn. Nígbà tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, McGuire kó ẹrù rẹ̀, ó gba iṣẹ́ ní Philadelphia.

Ọ̀gá àgbà yunifásítì náà ní Chapel Hill nígbà náà ni William Aycock, olùkọ́ òfin. Ó ránṣẹ́ pe igbákejì tó kù nílé. Ọmọ 30 ọdún ni Dean, kò tíì ṣe olórí ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì yunifásítì kankan rí. Aycock kò sọ fún un pé kí ó lọ gba ife wá. Ó sọ fún un pé ohun tí òun máa fi wọn iṣẹ́ rẹ̀ ni òtítọ́: kí ó má ṣe dójú ti yunifásítì náà, kí àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní tòótọ́. Ó ní bí ó bá borí tàbí bí ó bá pàdánù, ìyẹn kọ́ ni àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n kó lé ọmọ náà lọ́wọ́? Yunifásítì ti dín ìdíje rẹ̀ kù sí bíi 17. Wọ́n ti pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ mú ju ọmọ 2 lọ lọ́dún láti ìta agbègbè wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni New York ni McGuire ti máa ń kó àwọn akọni rẹ̀ wá. Òfin ìgbà yẹn tún ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kò lè bá ẹgbẹ́ àgbà gbá bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, bí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun bá tilẹ̀ rí ọmọ tó dára mú lónìí, ó di ọdún kan ó lé kí àwọn ènìyàn tó rí i lórí pápá. Ẹni tó ń pariwo pé òun kò rí èso ní oṣù mẹ́fà kò mọ bí a ṣe ń gbin igi náà ni.

Ọdún àkọ́kọ́ parí ní 1962: wọ́n borí nínú 8, wọ́n pàdánù 9. Ọdún kejì sàn, wọ́n borí nínú 15. Ọdún kẹta, 12 ni wọ́n mú, 12 ni wọ́n sọ nù. Àwọn tó rántí 1957 bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, àwọn ọmọ yunifásítì fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Wàyí o, ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu ni ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1965. Ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Wake Forest, wọ́n sì nà wọ́n 107 sí 85. Nígbà tí bọ́ọ̀sì wọn dé padà sí Chapel Hill ní alẹ́, wọ́n rí ohun kan tó ń fì lórí igi níwájú ilé ìdárayá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi aṣọ ṣe ère ènìyàn, wọ́n ti fi okùn sí i lọ́rùn, wọ́n ti so ó rọ̀. Dean ni wọ́n fi ère náà pè. Ó rí i láti inú bọ́ọ̀sì, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Billy Cunningham, ni ó fò sílẹ̀ tó lọ fà á já.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin òbí tó ń kàwé yìí. Ọmọ ẹnìkan ni wọ́n so ère rẹ̀ rọ̀ yẹn. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ kéékèèké nílé tí wọ́n máa gbọ́ ọ ní ilé ìwé. Aycock tó gbà á sí iṣẹ́ kò sí nípò mọ́. Ó ti padà sí ìdí ìwé òfin rẹ̀ ní ọdún 1964. Bí wọ́n bá lé Dean lọ́sẹ̀ náà, ta ni ì bá bá wọn wí? Ṣùgbọ́n wọn kò lé e. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ borí Duke nílé Duke. Ìyẹn kò sì pa ẹnu gbogbo ènìyàn dé.

Ní àkókò yìí ni arábìnrin rẹ̀ fi ìwé kan tí Catherine Marshall kọ ránṣẹ́ sí i, nínú èyí tí obìnrin náà ti sọ nípa agbára tó wà nínú kí ènìyàn gbà níwájú Ọlọ́run pé apá òun kò ká a. Dean kà á, ó sì ṣe é láǹfààní gan-an. Láti ìgbà náà ni ó ti ń gbìyànjú láti jọ̀wọ́ ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Gbogbo wa la mọ àkàwé igi ọ̀pọ̀tọ́ tí Olúwa wa pa. Olóko fẹ́ gé e, olùtọ́jú ọgbà sì bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan sí i. Ohun tí a sábà máa ń gbójú fò níbẹ̀ ni pé olùtọ́jú ọgbà kò bẹ̀bẹ̀ lásán. Ó ní òun máa tu ilẹ̀ yí i ká, òun sì máa fi ìlẹ̀dú sí i. Ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọ kan rí tí àwọn àgbà fẹ́ yọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí akọrin nítorí orin Kérésìmesì kan tó dàrú. Oṣù mẹ́rin ni ó tíì lò. Dùùrù tó bàjẹ́ ni a fún un, a kò tún un ṣe, akọrin méje ni wọ́n sì ń wá sí ìdánrawò. Ọmọdé kò lè mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Àwa tí a jókòó yẹn gan-an, a ti ra tiwa lọ́wọ́ rí, àwọn kan sì bá wa nù ún. N kò sọ pé kí a gba ìwà ọ̀lẹ tàbí olè láàyè o. Aycock kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òṣùwọ̀n, ó sì sọ òṣùwọ̀n náà fún ọmọ náà ní ọjọ́ tó gbé iṣẹ́ fún un. Èwo nínú wa ló ti sọ tiwa fún àwọn ọ̀dọ́ tí a ń dá lẹ́jọ́?

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì le yẹn. Dean wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dara pọ̀ mọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi Binkley ní Chapel Hill. Ilé oúnjẹ kan wà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti máa ń jẹun, tí kì í gba ènìyàn dúdú wọlé. Kí Dean tó di ẹni ńlá, òun àti pásítọ̀ rẹ̀, Robert Seymour, mú akẹ́kọ̀ọ́ ìsìn kan tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n wọ ibẹ̀ lọ, wọ́n jókòó. Wọ́n sì gbé oúnjẹ fún wọn. Ní ọdún 1966, ó mú Charlie Scott wọlé, ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tí North Carolina fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré ìdárayá. Ẹ rántí bàbá rẹ̀ ní Emporia.

Ọdún 1967 ni igi náà so. Wọ́n borí nínú 26, wọ́n sì wà lára ẹgbẹ́ 4 tó kẹ́yìn ní gbogbo Amẹ́ríkà. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1968 àti 1969. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò kùnà láti rí ohun mìíràn kùn sí: wọ́n ní ó ń dé ẹnu ọ̀nà, kò lè wọlé. Ìgbà mẹ́fà ni ó dé ibẹ̀ láìgba ife.

Ìgbà keje ni 1982, ní New Orleans. Nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, Houston ni wọ́n bá pàdé, ọmọ wa láti Èkó, Hakeem Ọlájuwọ́n, sì wà níbẹ̀, ọmọ tuntun nínú ẹgbẹ́ náà. (Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò fẹ́ kí Houston borí! 68 sí 63 ni North Carolina fi mú wọn.) Ní àṣekágbá, wọ́n fi ayò kan wà lẹ́yìn Georgetown, àkókò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, Dean pè wọ́n jọ, ó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, ó sì sọ fún ọmọ ọdún kìíní kan, ọmọ 19 ọdún, pé bí bọ́ọ̀lù bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó jù ú láìbẹ̀rù. Michael Jordan ni orúkọ ọmọ náà. Ó jù ú, ó wọlé, 63 sí 62. Òfin ti yí padà nígbà náà, ọmọ ọdún kìíní ti lè gbá bọ́ọ̀lù.

Ó tún gba ife náà ní 1993. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹwàá ọdún 1997, ó ti borí nínú ìdíje 879, kò sì sí akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì ńlá kankan tó tíì borí tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Láti ọdún àkọ́kọ́ yẹn, kò tún pàdánù ju bí ó ṣe borí lọ ní ọdún kankan mọ́. Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, àìsàn tó ń jẹ ìrántí mú un, òun tí kì í gbàgbé orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kẹta ọdún 2015, lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀, bíi 180 ni wọ́n. Sọ́wédowó dọ́là 200 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí wọ́n fi jẹun alẹ́ níta, kí ó jẹ́ òun ni òun ṣe wọ́n lálejò. Iye kan náà ni ti Michael Jordan àti ti àwọn tí wọ́n ṣì wà láàyè nínú àwọn tó bá a pàdánù 9 ní ọdún 1962.