Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips: Ẹni tó Kọ́ Dùùrù ní Yorùbá

Ní Èjìgbò tí mo ti wá, ọmọdé inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì a máa mọ treble, alto, tenor àti bass. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ó fi Yorùbá túmọ̀ melody tàbí harmony, ẹnu rẹ̀ a wọhò. Ìtàn Thomas King Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips ni mo fẹ́ fi túmọ̀ wọn.

Ọdún 1884 ni a bí i. Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips ni bàbá rẹ̀. Ní 1911 ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1914 ó di olórí orin àti olùtẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ, Èkó. Kò kúrò níbẹ̀ títí di 1962, ọdún 48 gbáko.

Iṣẹ́ tó bá nílẹ̀ kò rọrùn. Orin Gẹ̀ẹ́sì ni a kó wá, tí a sì to ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i. Melody ni bí ohùn orin ṣe ń gòkè tó ń sọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyáàlù dùndún ṣe ń ṣe bó bá ń fọhùn. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ kò gòkè, ọkọ á di ọkọ́. Bó bá sọ̀, ọkọ á di ọkọ̀. Àyàn kankan ní Èjìgbò kò jẹ́ lu irú ìlù bẹ́ẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ohun tó ń wí. Phillips wá kọ orin ìjọ tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀.

Ní 1953, ìwé rẹ̀, Yoruba Music, jáde. Ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nípa pentatonic, ìyẹn àkàbà ohùn onípele márùn-ún. Ẹni tó mọ sol-fa, kó yọ fah àti te kúrò: doh, ray, me, soh, lah ló kù.

Harmony ni kí ohùn tó yàtọ̀ síra dún pọ̀ láìjà. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le jù: bí treble bá ń pe ọkọ bó ti yẹ, tí bass sì sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ ni bass ń pè. Ìṣòro yìí ṣì wà níwájú gbogbo ẹni tó bá ń kọ orin Yorùbá olóhùn mẹ́rin.

Fela Sówándé kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ayọ̀ Bánkọ́lé kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Charles Ọbáyọ̀mí Phillips, ló gba ipò rẹ̀. Ó kú ní 1969.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwa tí à ń kọ́ ọ̀rọ̀ orin òyìnbó ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ìlù wa ń wí.