Adéoyè Lambo àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn ò rí oorun sùn

Ẹ̀yin ará ilé-ìwé wa, ẹni tí ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn gbé wá sórí pátákó lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn tí wọ́n gbé wá bá a nígbà ayé ẹ̀ wà nínú kíláàsì wa báyìí. WAEC ti sún mọ́lé. Ẹ̀yin náà mọ bí agbègbè wa ṣe rí: láti Ìdúmọ̀tà dé Òkè Arìn, ọ̀sán kì í dákẹ́, òru gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé á dúró di ìgbà tí ilé bá parọ́rọ́, á jẹ obì tàbí kó po kọfí tó dúdú mu, kí oorun má baà gbé e lọ. Tó bá wá di aago mẹ́ta òru tó fẹ́ sùn, ojú ò ní í dì mọ́. Ibẹ̀ làwọn kan ti ń wá oògùn oorun kún un. Ìdí tá a fi mú Lambo nìyẹn.

Ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1923 ni wọ́n bí Thomas Adéoyè Lambo. Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta ló lọ, lẹ́yìn náà ó kọjá sí yunifásítì Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gboyè dókítà ní 1948. Ó wálé wá ṣiṣẹ́ fún ìjọba fúngbà díẹ̀, ó tún padà sí London lọ kọ́ nípa àrùn ọpọlọ. Láyé ìgbà yẹn, wèrè lásán ni wọ́n ń pe gbogbo ohun tó bá ti jẹ mọ́ orí, ẹni tó bá sì ní kí ọmọ òun lọ kọ́ ìtọ́jú ẹ̀, àwọn ará ilé á ní kí ló dé. Lambo kọ́ ọ. Ní 1954 wọ́n fi í ṣe olórí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tuntun ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta.

Ilé ìwòsàn ọ̀hún ò tíì parí nígbà tó dé ibẹ̀. Ẹlòmíì ì bá jókòó ti àwọn kọ́lékọ́lé. Lambo bá àwọn baálẹ̀ abúlé tó wà láyìíká sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ìbátan ẹ̀ kan dání, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, tó máa máa dáná fún un. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á padà sí abúlé. Ó tún ṣe ohun tó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu: ó pe àwọn babaláwo àti àwọn oníṣègùn wọ inú iṣẹ́ náà. Kì í ṣe pé ó fi abẹ́rẹ́ àti oògùn òyìnbó sílẹ̀ o, gbogbo ẹ̀ ló ń lò. Òun kàn mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá mú kúrò láàárín àwọn èèyàn ẹ̀, tí wọ́n tì mọ́ yàrá, àìsàn ẹ̀ lè máa pọ̀ sí i ni. Gbogbo ayé ló wá wo abúlé Aro. Ní 1961, àwọn dókítà àrùn ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ìpàdé wọn àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta, Lambo ló gbà wọ́n lálejò.

Ẹ jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀ tiwa. Láàárín àwọn aláìsàn tó ń wá sí Aro, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, ọmọ tó mọ̀wé, tí ìdílé ti fi gbogbo owó lé lórí. Dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, tó bá Lambo ṣiṣẹ́ ní Aro níparí àwọn ọdún 1950, ló kọ ọ̀rọ̀ wọn jáde ní 1960. Orí ń gbóná fún wọn bí ẹni pé iná ń jó nínú ẹ̀, ohun kan ń rìn lábẹ́ awọ orí bí èèrà. Wọ́n á ka ojú ìwé kan tán, kò ní í sí ohun tó wọlé. Lẹ́tà á máa ṣú mọ́ wọn lójú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń pè é ní brain fag, orúkọ yẹn náà ni Prince sì lò. Ní 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mọrákínyọ̀ tó wà ní Ifẹ̀ wá tọ́ka sí ohun kan tó yẹ kó dun gbogbo wa: ọmọ tó ń sá fún ìfìdírẹmi á máa lo ohun tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, kó lè kàwé pẹ́, àìsùn ọ̀hún á wá máa jẹ ọpọlọ tó fẹ́ fi kàwé.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Látàárọ̀ ni ohun kan ti ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ wa, òun ló ń sọ fún ara pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Kaféènì tó wà nínú obì, nínú gbànja, nínú kọfí àti nínú àwọn ohun mímu inú agolo yẹn máa ń jókòó sí àyè ìránṣẹ́ ọ̀hún, kò ní í jẹ́ kó jíṣẹ́. Àárẹ̀ ò lọ, a ò kàn gbúròó ẹ̀ mọ́ ni. Nǹkan bíi wákàtí márùn-ún lẹ́yìn tá a jẹ ẹ́, ìdajì ẹ̀ ṣì wà lára. Obì tẹ́ ẹ jẹ ní aago mẹ́wàá alẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní aago mẹ́ta òru. Tẹ́ ẹ bá wá gbé oògùn oorun lé e, ara ti gba àṣẹ méjì nìyẹn, ọ̀kan ní kó dìde, ọ̀kan ní kó dùbúlẹ̀. Èèyàn lè sùn bí òkú kó sì jí pẹ̀lú orí tó wúwo, á tún wá obì míì láàárọ̀ láti fi la ojú. Oògùn oorun míì sì wà tó jẹ́ pé tára bá ti mọ̀ ọ́n, oorun ò ní í wá mọ́ láìsí i.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé dókítà fúnra ẹ̀ ló fún wọn ní oògùn tó ń la ojú, bíi methylphenidate, torí pé ọkàn wọn kì í dúró lójú kan. Ìyẹn kì í ṣe ìwà burúkú, kẹ́nikẹ́ni má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Tí irú wọn ò bá rí oorun sùn, ó lè jẹ́ wákàtí tí wọ́n ń lò ó tàbí ìwọ̀n ẹ̀ ni. Dókítà tó kọ ọ́ ló máa yí i padà. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ tó ní Valium ìyá ẹ̀ nínú báàgì.

Àwọn kan á ní tìbílẹ̀ làwọn ń lò, Jankara làwọn ti rà á. Àwọn oníṣègùn wa mọ asofẹ́yẹjẹ tipẹ́, wọ́n ń fi í mú kí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú sùn. Prince kọ nípa ìyẹn náà ní 1960. Igi kan tó bá a tan ní Íńdíà ni àwọn onímọ̀ ti yọ oògùn reserpine jáde ní 1952. Ṣùgbọ́n ewé tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ lè já ìfúnpá wálẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ó sì lè mú kí ọkàn èèyàn rẹ̀wẹ̀sì gan-an. Oníṣègùn ló ń wọ̀n ọ́n, aláìsàn á sì wà lójú ẹ̀. Ẹni tó bù ú mu ní yàrá lóun nìkan ò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Lambo ò dúró sí Aro títí. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn ní 1963, nígbà tó sì di 1968 wọ́n fi í ṣe gíwá yunifásítì náà. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà yẹn, kò rọrùn rárá. Ní 1965 ó ti kọ̀wé lórí bí oògùn olóró ṣe ń ba àwọn èèyàn jẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ní 1971 ó lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Vienna, tó fi òfin de oògùn alájùlọ bíi amphetamine tó ń lé oorun, àti àwọn barbiturate tó ń mú oorun wá: méjèèjì nínú ìwé kan ṣoṣo. Àjọ tí Lambo lọ bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n ní kó máa yẹ irú oògùn bẹ́ẹ̀ wò. Láti 1973 títí di 1988, òun ni igbákejì ọ̀gá àgbà níbẹ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2004. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ó lé díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 81. Ilé ìwòsàn Aro ṣì wà níbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń gba akẹ́kọ̀ọ́.