William Cowper: Ẹni Tí Kò Gbà Pé Ọlọ́run Lè Fẹ́ Òun

Ará nínú Olúwa, bí o bá ti ń lọ sí ilé ìsìn tipẹ́, ó ṣeé ṣe kí o ti kọ orin William Cowper láìmọ orúkọ rẹ̀. Òun ni ó kọ orin ìsun ẹ̀jẹ̀ tí a gbé ka Sekariah 13:1, èyí tí a máa ń kọ nígbà Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Yóò yà ọ́ lẹ́nu láti gbọ́ pé fún ọdún 27 tí ó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ọkùnrin yìí kò gbà pé ìsun náà wà fún òun.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí i sí ní ọdún 1731. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọgbẹ́ náà kò sì jinná. Ní 1790, nígbà tí wọ́n fi àwòrán ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ó kọ ewì lé e lórí bí ẹni pé àná ni ó kú.

Ó kọ́ iṣẹ́ amòfin. Ní 1763 wọ́n fẹ́ fi í ṣe akọ̀wé ní ilé ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè ní London, ṣùgbọ́n wọn yóò kọ́kọ́ dán an wò ní gbangba. Ẹ̀rù èyí dà á lọ́kàn rú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Olúwa kò jẹ́. Wọ́n mú un lọ sí St Albans, sọ́dọ̀ Dókítà Nathaniel Cotton, onígbàgbọ́ tí ó ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dàrú. Níbẹ̀ ni Cowper ti ṣí Bíbélì sí Romu 3:25 ní 1764. Ó rí i pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó fi Jésù lélẹ̀ fún ètùtù, kò sì sí ohun tí òun yóò mú wá kún un. Ó sunkún ayọ̀.

Ní 1767, òun àti Mary Unwin, opó àlùfáà kan tí ó ti gbà á sílé bí ọmọ, kó lọ sí Olney. John Newton, ẹni tí ó ti ṣe ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú rí, ni àlùfáà ìlú náà. Àwọn méjèèjì jùmọ̀ ń kọ orin fún ìjọ. Ju 60 nínú orin ìwé wọn tí ó jáde ní 1779 ni ó jẹ́ ti Cowper.

Ṣùgbọ́n kí ìwé náà tó jáde, òkùnkùn ti padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1773, ó lá àlá kan tí ohùn kan fi sọ fún un pé ó ti ṣègbé, ó sì gbà á gbọ́. Kíyè sí i: kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ Jésù kò lágbára. Ó wà fún gbogbo ènìyàn, àfi òun nìkan. Láti ìgbà náà kò tún bá ìjọ jọ́sìn mọ́.

Àìsàn ni èyí, ará. Àwọn kan láàárín wa a máa yára sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kò gbàdúrà tó. Newton kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba òun àti Ìyáàfin Unwin sínú ilé rẹ̀ fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ. Ìyáàfin Unwin ní tirẹ̀ dúró tì í títí ó fi kú ní 1796. Cowper sin ehoro, ó ro ọgbà, ó sì kọ ewì. Ní 1788 ó fi ewì bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú tí a ń tà lẹ́rú. Ẹni tí ó ka ara rẹ̀ sí ẹni ìtanù ni ó ń ṣe alágbàwí ẹlòmíràn!

Ó kú ní Dereham, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, ọdún 1800. Títí dé òpin, kò sọ pé ìrètí òun ti padà. Ìbátan rẹ̀, John Johnson, tí ó tọ́jú rẹ̀, wo ojú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀mí ti bọ́. Ó ní àlàáfíà wà níbẹ̀, àti ìyanu mímọ́ pẹ̀lú, bí ti ẹni tí ó ṣe kòńgẹ́ ohun tí kò retí.