Akin Deko: Ẹni tó fi oko wá iṣẹ́ fáwọn ọ̀dọ́

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ ìjọba fáwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní Òṣogbo tàbí Iléṣà, wọn kì í sábà dárúkọ Olóyè Gabriel Akínọlá Deko. Bẹ́ẹ̀, ètò tó bójú tó dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Ìdànrè ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1913. Ó kàwé ní Government College, Ìbàdàn, àti ní Yaba Higher College, kó tó lọ kọ́ṣẹ́ ilé kíkọ́ ní London. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Deko ni mínísítà ọ̀rọ̀ àgbẹ̀.

Wàhálà kan ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1955, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló sì máa ka ìwé mẹ́fà tán láìsí iṣẹ́ ọ́fíìsì tó máa kárí wọn. Láyé àtijọ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò dáko lè ṣe òṣómàáló, kó máa ta aṣọ káàkiri. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba làwọn ọmọ tó kàwé ń fẹ́.

Deko lọ sí Ísírẹ́lì láti wo àwọn abúlé àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀. Lọ́dún 1959, ìjọba gbé ètò fáàmù sẹ́tímẹ́ǹtì kalẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n fún wọn ní ilẹ̀, ilé àti owó tí wọ́n máa san padà. Ẹ̀sà-Òkè nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà lára ibi tí wọ́n dá irú rẹ̀ sílẹ̀.

Àmọ́ igi kì í so lọ́jọ́ tí wọ́n gbìn ín. Kí kòkó àti ọ̀pẹ tó so, owó ìtọ́jú tíjọba ń san làwọn ọ̀dọ́ náà fi ń jẹun, àwọn kan sì sọ ọ́ di owó oṣù. Ọ̀pọ̀ fi oko sílẹ̀, wọ́n padà sí ìgboro. Owó tíjọba ń ná lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tún pọ̀ débi pé ìwọ̀nba ènìyàn ló jàǹfààní.

Deko ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà pẹ̀lú àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó kú lọ́dún 1987. Gbọ̀ngàn ńlá kan ní Yunifásítì Benin ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ọmọ Iléṣà, di gómìnà Ọ̀ṣun lọ́dún 2010, 20,000 ọ̀dọ́ ló gbà sí ètò O-YES, tí wọ́n ń gba N10,000 lóṣù. Ìbéèrè ayé Deko ló tún padà wá: kí ni yóò kù lọ́wọ́ ọ̀dọ́ lọ́jọ́ tí owó ìjọba bá dáwọ́ dúró? Deko fún wọn nílẹ̀. Ohun tí wọn yóò máa jẹ títí igi yóò fi so ni ètò náà kò rí yanjú.