ÌTÀN BÍṢỌ́Ọ̀BÙ ÀJÀYÍ CROWTHER

Ẹni tí ó bá ti Àfìn-Àkókó lọ ná ọjà Ìkàrẹ́ yóò gbọ́ ju èdè kan lọ kí ó tó padà sílé. Èdè abínibí àwọn ará Àrìgìdì kì í ṣe ti àwọn ará Ọ̀kà. Síbẹ̀ Yorùbá ni gbogbo wọn fi ń gbọ́ ara wọn yé, òun náà ni wọ́n sì fi ń ka Bíbélì. Nítorí náà ó tọ́ kí àwa ará Àkókó mọ ìtàn ọkùnrin tí ó ṣe aṣáájú iṣẹ́ Bíbélì náà.

Ní Òṣogùn ni a bí Samuel Àjàyí Crowther, ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní 1821 ogun kó ìlú náà, a sì ta Àjàyí lẹ́rú. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó sì gúnlẹ̀ sí Sàró, níbi tí ìyà kan náà ti kó ọmọ onírúurú ẹ̀yà jọ. Kò fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹnikẹ́ni; ó tilẹ̀ kọ́ èdè Temne ti àwọn onílẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ gbé e dé Odò Ọya, kò fi Yorùbá ni wọ́n lára. Ó tẹ ìwé Ìgbò ní 1857, ó sì tẹ ìwé èdè Núpé ní 1864, ọdún tí a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù. Sùúrù àti ọ̀wọ̀ ni ó fi bá àwọn ọba Mùsùlùmí sọ̀rọ̀, kì í ṣe iyàn jíjà.

Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣìwà hù. Ṣùgbọ́n ní 1890, ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí ọjọ́ orí wọn kò tó ti ọmọ rẹ̀ doju ẹ̀gàn kọ arúgbó náà, títí ó fi kúrò nínú ìgbìmọ̀. Ó kú ní Èkó ní 31 December 1891. Òyìnbó ni a sì fi rọ́pò rẹ̀. Ní 1892 àwọn ìjọ ìhà Delta, tí Dandeson ọmọ rẹ̀ ṣe olórí wọn, yọ ara wọn kúrò lábẹ́ àṣẹ míṣọ́n náà.

Ohun tí ọ̀wọ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ, ẹ̀gàn tú u ká láàárín ọdún díẹ̀. Ẹ̀yin ará Àkókó, bí a bá fẹ́ kí èdè kan so wá pọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi èdè ilé aládùúgbò wa ṣẹ̀sín.